Corvette, Kì í Ṣe Akúrẹtẹ̀

Ọjọ́ tí mo wa ọkọ̀ náà dé, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Lawrenceville, ní ìpínlẹ̀ Georgia, jáde wá wò ó. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ìka gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún kókókó bí akèrègbè gbígbẹ, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Àbúrò, ọkọ̀ lo rà yìí, àbí ẹjọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Corvette ni o, ti ọdún 1989."

Wọ́n ní, "Corvette kẹ̀? Akúrẹtẹ̀ ni mo rí."

Ó dùn mí. Mi ò lè jiyàn, torí ohun tí wọ́n rí wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọ̀dà bóńẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, ìjókòó aláwọ tó ti ya létí, òórùn bẹntiróòlù tí kì í kúrò nínú aṣọ ẹni. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó tì í nínú gáréèjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ferrari ní onírárà tirẹ̀, Porsche ní tirẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń bú ni oríkì tọ́ sí jù. Àlébù tí mo bá kà, bó ṣe wà nìyẹn. Ìyìn tí mo bá fi lé e, bó ṣe wà náà nìyẹn.

Corvette, ọmọ Bowling Green ní Kentucky,
Onímú gígùn tí í wọ gáréèjì kí olówó rẹ̀ tó wọ̀ ọ́.
Aláwọ̀ ike, eléegun irin.
Ògún wò ọ́ lára, kò rí irin tí yóò fẹnu kàn,
Ó bẹ̀rẹ̀ wò ọ́ lábẹ́, ó ní, "Họ́wù, ọmọ mi mà ni!"
Ẹlẹ́yinjú yíyí, tí í sùn lọ́sàn-án, tí í jí lálẹ́,
Tí ojú kan máa ń là kí èkejì tó rántí.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì máa ń dojú bolẹ̀ sínú imú ọkọ̀ ni. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò kékeré ìdí wọn á yí wọn po, wọ́n á wá là sí ayé. Mọ́tò ti ọwọ́ òsì ti gbó, ó máa ń kùn kó tó dìde. Mo mọ ìró rẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ bàbá mi.

Wọn ò rọ́nà bí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìran kẹrin ni nínú ìdílé Corvette, ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Ìran kẹta parí ní 1982, 1983 ló sì yẹ kí ìran kẹrin dé ọjà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe 43 fún ìdánwò, wọn ò ta ìkankan, wọ́n sì fọ́ wọn dànù, àfi ọ̀kan ṣoṣo, funfun, tó wà nílé àkójọ Corvette ní Bowling Green títí dòní. Àwọn tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kẹta 1983, orúkọ ọdún 1984 ni wọ́n gbé wá sáyé. Nílé wa, ọmọ tí ọmọ ìyá rẹ̀ méjìlélógójì lọ tí òun nìkan dúró, a mọ orúkọ tí à ń sọ ọ́. Málọmọ́ ni mo ń pè é.

Ilé àkójọ yẹn kan náà ni ilẹ̀ ti la ẹnu ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 2014. Ilẹ̀ òkúta ẹfun ni agbègbè náà, ihò àpáta sì kún abẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ ti gbé Corvette mẹ́jọ mì. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó pé mílíọ̀nù kan tí ilé iṣẹ́ náà ṣe, funfun, ti ọdún 1992, ìran kan náà pẹ̀lú tèmi. Wọ́n fi kireeni fà á jáde, gbogbo ara rẹ̀ ti wó, wọ́n sì tún un ṣe.

Málọmọ́, a-kú-méjìlélógójì-ku-ẹyọ-kan,
Ilẹ̀ jẹ ọ́, kò lè dà ọ́.

Wíwọ inú rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ga, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì. Èèyàn á kọ́kọ́ fi ìdí lé orí ẹgbẹ́ náà, á tẹrí ba kí òrùlé má gbá a níwájú orí, á ju ara sísàlẹ̀ bí ẹni ń bọ́ sí kànga, á wá fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ tó kù wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń bú u nítorí èyí, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó yà á kọ́kọ́ fi ọ̀pá kan la àárín òrùlé rẹ̀ já, ọ̀pá tí ìbá di iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí iṣẹ́ ti jìnnà, àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ọ̀pá náà, kí òrùlé lè ṣí tán pátápátá. Ọkọ̀ náà wá di apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ọwọ́. Ohun tí wọ́n fi ṣàtúnṣe ni pé wọ́n gbé ẹgbẹ́ méjèèjì ga. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń já sínú kànga yẹn, ọ̀pá tí wọ́n yọ kí a tó bí i ni mo ń san gbèsè rẹ̀. Òrùlé náà ṣì ń ṣí o: bóòtù mẹ́rin ló dè é, sípánà rẹ̀ kì í kúrò nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e kúrò, tí mo gun ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, mo máa ń rí i tí dígí iwájú ń mì lọ́tọ̀, tí ìdí ọkọ̀ ń mì lọ́tọ̀. Tí a bá ń lọ sí pápá ìsáré, mo máa ń fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le ni.

Ọba tí a kì í wọlé tọ̀ láìtẹríba,
Tí a kì í jáde níwájú rẹ̀ láìfọwọ́tilẹ̀.
Àgbàlagbà bọ́ sínú rẹ, ó ní "Yéè!"
Ọmọdé bọ́ sínú rẹ, ó ní "Ẹ tún ṣe é!"

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Sìlíńdà mẹ́jọ, lítà 5.7, agbára ẹṣin 240. Toyota Camry onísìlíńdà mẹ́fà ti ọdún 2018, èyí tí àwọn ará wa fi ń gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní 301. Mi ò ní parọ́ fún un. Ọ̀nà ọ̀fun mẹ́jọ ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, gígùn ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì lórí bí ìka ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn. Gígùn ọ̀fun wọ̀nyẹn ló jẹ́ kó lágbára láti ìsàlẹ̀ wá. Mo lè wà ní jíà kẹta, kí n rọra tẹ ẹ́, kó tì mí lẹ́yìn bí ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ń tì. Gígùn kan náà ló ń fún un lọ́rùn lókè. Tó bá ti kọjá yíyí 4,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ariwo á máa pọ̀ sí i, agbára á máa dín. Èmi kò bínú sí i. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń yí jíà kó tó mí hẹlẹ.

Jíà mẹ́fà ló ní, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Tí èèyàn bá ń rọra lọ ní ìlú, kọ̀ǹpútà á fi nǹkan dí ọ̀nà jíà kejì, á wá ti ọwọ́ awakọ̀ láti ìkíní sí ìkẹrin, kí epo má bàa jó jù nígbà ìdánwò ìjọba. Ní pápá ìsáré, níbi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ gidi, kì í dán irú rẹ̀ wò.

Alágbára ìdájí, amíhẹlẹ-bó-di-ọ̀sán,
Oníjíà tí í ka oókan, tí í fo eéjì, tí í fo eéta, tí í já sí ẹẹ́rin.
Olójú iná aláràbarà ní dáṣíbọọ̀dù,
Oòrùn ràn, gbogbo nọ́ńbà fara pa mọ́.

Àwọn kan máa ń fi sípíríìnì rẹ̀ ṣẹ̀sín. Sípíríìnì pẹlẹbẹ ni, ọ̀kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ iwájú, ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gun bọ̀lẹ̀kájà rí mọ irú rẹ̀. Wọ́n ní kí ló kan ọkọ̀ ìsáré nínú sípíríìnì lọ́rì? Sípíríìnì lọ́rì ti irin ni, ó wúwo, ó sì ń dípẹtà. Ti Corvette, okùn dígí tí wọ́n fi oje dì mọ́ra ni. Kò dípẹtà, ó fúyẹ́, ó sì rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí imú ọkọ̀ náà fi lè wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, kó lọ wo ìtàn. Láti 1985 dé 1987, nínú ìdíje ọlọ́jọ́ gígùn tí SCCA, ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ tí a kò tún rọ, kò sẹ́ni tó borí Corvette. Porsche 944 Turbo wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn Corvette lọ sí ìdíje tiwọn ní 1988, kí wọ́n máa bá ara wọn fà á. Akúrẹtẹ̀ wo ni wọ́n máa ń lé kúrò ní agbo nítorí pé ó ń borí jù?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí nídìí rédíétọ̀.

Corvette yìí kò ní ihò imú níwájú bí ọkọ̀ yòókù. Abẹ́ bọ́ńpà ló ti ń mí. Ètè dúdú kan wà nísàlẹ̀ tó ń gbá afẹ́fẹ́ sókè sí ojú rédíétọ̀. Ohunkóhun tó bá sì wà lójú títì, afẹ́fẹ́ yẹn á gbé e dání. Àárín rédíétọ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń há sí, ojú ò sì tó o àfi téèyàn bá tú ìdérí òkè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u, mo bá ewé igi páìnì tó ti hun ara wọn bí ẹní, ìyẹ́ ẹyẹ méjì, ọ̀rá búrẹ́dì, ìdí sìgá, àti amọ̀ pupa Georgia tó ti gbẹ di èépá. Bí ọdún mélòó ni ọkọ̀ náà ti ń fi ẹnu dídí mí! Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi wẹ́ẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́, torí lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́ ojú rédíétọ̀ náà tinrin bí èèpo àlùbọ́sà, bí omi bá le, á tẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni. Omi pupa ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì bí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn, tí mo rí i tí iná rẹ̀ là já sí mi lójú láti ihò dé ihò, mo jókòó sílẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tí dókítà sọ fún pé ọmọ ti ń mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo so bọ́tìnnì kan mọ́ fáànù, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í pe fáànù àfi tí omi bá ti gbóná kọjá 100 ní ìwọ̀n Celsius. Nínú pápá ìsáré, ìyẹn ti pẹ́ jù.

Amí-nísàlẹ̀-bí-ẹni-dọ̀bálẹ̀,
Agbálẹ̀-títì-láìgbowó-ìjọba,
Ewé bọ́ lórí igi, ó ní ilé Corvette lòun ń lọ.

Bíréèkì ni mo ṣẹ̀ sí. Kí n tó gbé e lọ sí pápá ìsáré, mo yí páàdì, mo wo bẹ́rìn, mo fún nọ́ọ̀tì táyà dé ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ sọ, mo de bátìrì kó má ṣe mì. Àmọ́ ọ́ìlì bíréèkì, mo wò ó nínú ìkòkò rẹ̀, ó ṣì mọ́ níwọ̀nba, mo ní ó tó. Ọdún méjì ló ti lò níbẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí a ò dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tó bá gbẹ, kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230 Celsius. Tó bá ti fa omi, 155 ni òfin fi sílẹ̀ fún un. Omi yẹn lojú kò rí. Ẹsẹ̀ ló máa ń rí i.

Road Atlanta, ní Braselton, ni mo ti rí i. Pápá náà ti wà láti 1970, máìlì 2.54, kọ́nà méjìlá, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún òkè àti kòtò bí ọ̀nà Èkìtì. Lẹ́yìn kọ́nà keje, ọ̀nà á nà tàntàn, á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè níbi tí ọ̀nà ti yà sí òsì lójijì. 10A ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo ti ń sá tó 120 máìlì ní wákàtí kan. Bàbá òyìnbó tó ń kọ́ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi lọ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ kànrìnkàn. Ọ́ìlì ti hó, afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù. Bàbá náà kò pariwo; ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ léraléra." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹta, ó le díẹ̀. Mi ò yà sí òsì mọ́, mo jẹ́ kó lọ tààrà sínú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ń lu abẹ́ ọkọ̀ bí òjò lórí páànù, a sì dúró. Ìtìjú bá mi fún ọkọ̀ náà. Kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo fún un ní omi mu, tí mo ní kó fi gbà mí là.

Adákẹ́-jẹ́-ẹjọ́-olówó-rẹ̀,
Wọ́n ní o kò lè dúró. Èmi ni mi ò fún ọ ní ohun tí o máa fi dúró.

Ẹni tó bá mi tún un ṣe ni ó yà mí lẹ́nu. Èèyàn méjì ló rọrùn fún láti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù bíréèkì: ọ̀kan á wà lábẹ́, ọ̀kan á máa tẹ̀ ẹ́ lókè. Ìyàwó mi kò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. Ẹ̀gbọ́n ń kọjá lọ, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo ẹgbẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n wo agbádá ọrùn wọn, wọ́n bọ́ agbádá fún mi. Wọ́n tẹrí ba. Wọ́n já sínú kànga. "Yéè!"

Ẹ̀yìn ọ̀tún, tó jìnnà jù, ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré náà díẹ̀, ọ́ìlì aláwọ̀ tíì gba inú rọ́bà jáde, ìfófòó kéékèèké tẹ̀ lé e bí ojú ẹja. Mo dí i. "Ẹ fi sílẹ̀!" Bí a ṣe ń lé e, tí a ń gbè é nìyẹn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí tí ohun tó ń jáde fi mọ́ lóló bí òróró ẹ̀pà tuntun. Nígbà tó yá, wọn ò dúró de ohùn mi mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dá a sọ fún ara wọn lókè níbẹ̀, "Ó ti le. Ó ti le nísinsìnyí. Àbúrò, ó le bí òkúta."

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Braselton. Wọ́n dúró lórí òkè koríko tó kọjú sí kọ́nà kejìlá, pẹ̀lú fúláàsì tíì wọn.

Òtútù ṣì wà ní àárọ̀ náà, inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dùn. A gun òkè kọ́nà kìíní, a já sínú àwọn kọ́nà tó tẹ̀ lé e, imú gígùn náà ń dà sí òsì, ó ń dà sí ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí táyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Mazda Miata kékeré kan wà lẹ́yìn mi, èyí tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Nínú kọ́nà, ó ń sún mọ́ mi ṣáá. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya ẹlòmíì sílẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí náà mo na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo nà án sí òsì: ọ̀nà ti yá. Ó kọjá. Èmi náà yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ kó lè ráyè lọ. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ni, ó sì tọ́ kí n yà fún un.

Nígbà tí a dé ọ̀nà tàntàn, mo tẹ̀ ẹ́. Ogunlọ́gọ̀ yẹn tì mí lẹ́yìn. Nọ́ńbà dáṣíbọọ̀dù ti sọnù sínú oòrùn, etí ni mo fi ń yí jíà. Ìsàlẹ̀ òkè ń bọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

Ó le bí òkúta.

Corvette, kì í ṣe akúrẹtẹ̀!
Adúró-níbi-tí-a-bá-ní-ó-dúró,
Atẹrí-bolẹ̀-bí-àgbò-tó-fẹ́-kàn,
A yà sí òsì, o tẹ̀ lé mi; a gun òkè, o ṣáájú mi;
A gba abẹ́ afárá já, a ò rí iwájú, a ṣubú sílẹ̀ bí àṣá,
Àgbàlagbà kan dìde lórí koríko, ó gbàgbé tíì lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà sí ibùdó, fáànù ṣì ń kùn, òórùn páàdì gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Mo bọ́ àṣíborí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ táyà kí wọ́n tó tutù. Ẹ̀gbọ́n rìn dé. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìsáré. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n fi orúnkún kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́ńpà, wọ́n sì fa ewé igi páìnì kan jáde, gígùn, tútù.

"Gbé tọ́ọ̀ṣì wá," ni wọ́n wí. "Òmíràn ṣì wà nínú níbẹ̀."